Sìmẹ́ńtì inú eegun ẹ̀yìn: bí ó ṣe ń gba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóóró

Sìmẹ́ńtì tí a fi ń kọ́lé ni gbogbo ayé mọ̀. Òun ni a fi ń mọ bíríkì, òun ni a sì fi ń rẹ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún 40 báyìí tí àwọn dókítà ti ń fi irú sìmẹ́ńtì mìíràn tún eegun ẹ̀yìn tó fọ́ ṣe. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tì í wọ inú eegun náà. Ibẹ̀ ni yóò ti dì, tí yóò sì le bí òkúta, kí ó lè gbé eegun náà ró.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ara ń tù lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà, síbẹ̀, tí sìmẹ́ńtì náà kì í dúró sí ibi tí a fi í sí nínú ara wọn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń jò sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ó ń gba inú ọkàn kọjá, ó sì ń lọ há sí inú ẹ̀dọ̀fóóró. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ kò lágbára mọ́. Ó kan ẹni tí ó ní ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó kan ẹni tí ó lọ gba ìtọ́jú ní òkè òkun tí ó sì padà wá sílé. Bí èémí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń há, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ fún dókítà pé sìmẹ́ńtì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n lè máa tọ́jú ikọ́ tàbí ibà, kí àkókò sì máa lọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ní kíá, dókítà yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó wò.

Irú sìmẹ́ńtì wo ni?

Sìmẹ́ńtì eegun kì í ṣe èyí tí a ń rà ní àpò lọ́jà. Lẹ́búlẹ́bú kan àti omi kan ni wọ́n ń pò pọ̀ láti ṣe é. Bí wọ́n bá pò ó tán, yóò kọ́kọ́ rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn náà yóò máa ki sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò gbóná, yóò sì le. Ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe Plexiglas ni, ìyẹn ọ̀rá líle tó mọ́ gaara bí dígí, tí wọ́n fi ṣe fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn dókítà eyín náà ń lò ó láti ṣe eyín àtọwọ́dá.

John Charnley, dókítà eegun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò ó ní ìparí àwọn ọdún 1950 láti fi mú oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá dúró sínú eegun. Láti ìgbà náà ni sìmẹ́ńtì yìí ti di ohun èlò pàtàkì lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn: lẹ́búlẹ́bú tó máa ń hàn funfun nínú àwòrán inú ara, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ráádíò. Nítorí náà, dókítà lè rí ibi tí sìmẹ́ńtì wà. Ó lè rí i nígbà tí ó ń wọ eegun. Ó sì lè rí i pẹ̀lú bí ó bá ti ṣáko lọ.

Ìdí tí eegun ẹ̀yìn fi ń wó

Eegun 24 ni wọ́n tò lé ara wọn láti ọrùn títí dé ìbàdí: 7 ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn àyà, 5 ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Lábẹ́ wọn ni àwọn eegun ìdí wà, tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí a bá la ọ̀kan nínú eegun 24 wọ̀nyí, a ó rí i pé ìta rẹ̀ le, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí kànrìnkàn. Mùdùnmúdùn àti ẹ̀jẹ̀ ló kún inú àwọn ihò náà.

Bí ènìyàn bá ń dàgbà, pàápàá obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ihò inú eegun lè máa fẹ̀ sí i. Eegun náà yóò dà bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀: ìta rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti lọ. Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní ostéoporose ní èdè Faransé. Ẹni tí ó bá ní in lè gbé korobá omi, kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì wó. Ẹlòmíràn lè ṣubú díẹ̀ báyìí, kí ó sì fọ́. Bí eegun bá ti ń wó bẹ́ẹ̀, ènìyàn á máa kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa tẹ̀.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń fa èyí. Àrùn jẹjẹrẹ lè jẹ eegun ẹ̀yìn. Oògùn tí ó wà ní ìdílé cortisone náà lè sọ eegun di aláìlágbára bí ènìyàn bá ń lò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn dídùn ni sìmẹ́ńtì wà fún. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, fún àpẹẹrẹ, lè wọ inú eegun ẹ̀yìn kí ó sì bà á jẹ́. Mal de Pott ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni a fi ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Níbi tí kòkòrò àrùn bá ti ń jà lọ́wọ́, àwọn dókítà kì í fi sìmẹ́ńtì síbẹ̀.

Láti Amiens ni ó ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1984, ní ìlú Amiens, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, obìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìrora ńlá ní ọrùn. Kókó tí iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ti jẹ ọ̀kan nínú eegun ọrùn rẹ̀. Dókítà 2, Pierre Galibert àti Hervé Deramond, ti abẹ́rẹ́ wọ inú eegun náà, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì kún un. Ìrora náà lọ. Ní ọdún 1987 ni wọ́n gbé ìròyìn iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn. Orúkọ tí iṣẹ́ náà ń jẹ́ ni vertébroplastie.

Aláìsàn kì í sábà pẹ́ lórí ibùsùn nítorí iṣẹ́ yìí. Yóò da ojú dé. Wọ́n á fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora. Dókítà á ti abẹ́rẹ́ gba ẹran ẹ̀yìn kọjá títí yóò fi wọ inú eegun, yóò sì máa wo àwòrán rẹ̀ lójú ẹ̀rọ bí ó ti ń ṣe é. Sìmẹ́ńtì tí ó ń wọ eegun kan kò pọ̀: ó lè tó ṣíbí tíì kan, tàbí kí ó dín díẹ̀, tàbí kí ó lé díẹ̀.

Ní òpin àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà mú ọ̀nà mìíràn wá, tí a ń pè ní cyphoplastie. Nínú ọ̀nà yìí, wọ́n á kọ́kọ́ ti àpò róbà kékeré kan wọ inú eegun, wọ́n á sì fẹ́ ẹ bí fèrè ọmọdé. Àpò náà á ṣí àyè sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, wọ́n á rọ sìmẹ́ńtì tó ki sínú àyè náà láìsí pé wọ́n ń fi agbára púpọ̀ tì í. Sìmẹ́ńtì kì í sábà jò jáde nínú èyí bí ó ti ń jò nínú ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ó ṣì lè jò.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ẹ̀dọ̀fóóró

Báwo ni ohun tí a fi sí ẹ̀yìn ṣe ń dé àyà? Ẹ jẹ́ kí a fi odò ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ odò Okpara. Àwọn odò kéékèèké ń ṣàn sínú rẹ̀, òun náà sì ń ṣàn sínú odò Ouémé. Ouémé ń gba gbogbo wọn, ó sì ń lọ sí ìhà òkun. Kí ó tó dé òkun, ó tún pín sí ẹ̀ka: ọ̀kan ń lọ sí adágún Nokoué, òmíràn ń lọ sí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Bí igi bá bọ́ sínú omi lápá òkè, odò ńlá á gbé e lọ wẹ́rẹ́. Ibi tí odò ti pín sí ẹ̀ka tóóró ni igi náà á ti há.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Iṣan wẹ́wẹ́ ń jáde láti inú eegun ẹ̀yìn. Wọ́n ń pàdé àwọn iṣan mìíràn tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká. Gbogbo wọn ń ṣàn lọ sínú iṣan ńlá tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí apá ọ̀tún ọkàn. Láti ibẹ̀, ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ẹ̀dọ̀fóóró kí ó lè gba afẹ́fẹ́ tuntun. Nínú ẹ̀dọ̀fóóró ni iṣan ti ń pín sí ẹ̀ka, tí ẹ̀ka ń pín sí ẹ̀ka, títí wọn á fi tín-ín-rín ju irun orí lọ.

Ohun kan tún mú kí ọ̀nà yìí rọrùn fún sìmẹ́ńtì. Iṣan ẹsẹ̀ ní ìlẹ̀kùn kéékèèké nínú, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Àwọn iṣan tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká kò ní irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Oscar Batson, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé àwọn iṣan yìí ní ọdún 1940, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó ń fi sìmẹ́ńtì sí eegun ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ inú wọn lè ṣàn sókè, ó sì lè ṣàn sísàlẹ̀.

Bí sìmẹ́ńtì bá wọ eegun nígbà tí ó ṣì ṣàn bí omi, tàbí tí wọ́n bá fi agbára púpọ̀ tì í, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè bọ́ sínú àwọn iṣan náà. Yóò dì sínú ẹ̀jẹ̀. Yóò di ẹ̀rún kéékèèké, tàbí kí ó gùn bí okùn. Ọkàn á tì í lọ, yóò sì há sí ẹ̀ka iṣan ẹ̀dọ̀fóóró tí kò gbà á. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá níbẹ̀ mọ́. Dídí tí iṣan ẹ̀dọ̀fóóró dí yìí ni àwọn dókítà ń pè ní embolie pulmonaire.

Sìmẹ́ńtì nìkan kọ́ ló lè dí ọ̀nà náà. Bí wọ́n ti ń ti sìmẹ́ńtì wọ eegun, ó lè ti ọ̀rá inú mùdùnmúdùn jáde sínú iṣan. Ẹni tí ó sì ti pẹ́ lórí ibùsùn lè ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀, tí yóò já, tí yóò sì gba ọ̀nà ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóóró. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ewu ni. Dókítà nìkan ló lè mọ ìyàtọ̀, ẹ̀rọ ló sì máa fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan kì í mọ̀ pé ó wà lára wọn

Ní ọdún 1999, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Faransé kọ ìròyìn nípa sìmẹ́ńtì tí ó kúrò ní eegun ẹ̀yìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóóró aláìsàn kan. Láti ìgbà náà, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti pọ̀. Ní ọdún 2002, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn dókítà nípa jíjò sìmẹ́ńtì àti ewu tó wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí kó ìwádìí púpọ̀ jọ lórí àwọn tí ostéoporose ba eegun ẹ̀yìn wọn jẹ́. Nínú àwọn ìwádìí kan, sìmẹ́ńtì dé ẹ̀dọ̀fóóró ènìyàn 3 tàbí 4 nínú 100. Nínú òmíràn, iye náà tó 23 nínú 100. Kò yẹ kí ìyàtọ̀ yìí ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ sikánẹ̀ wá a lára gbogbo aláìsàn yóò rí èyí tí ó kéré bí ẹ̀rún iyọ̀. Ẹni tí ó bá dúró títí tí aláìsàn yóò fi ráhùn kò ní rí púpọ̀.

Ohun tí èyí fi yé wa ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí sìmẹ́ńtì dé ẹ̀dọ̀fóóró wọn kò mọ̀ rárá. Ẹ̀rún náà kéré, ibi tí ó dí kéré, ẹ̀dọ̀fóóró sì tóbi. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń rìn. Bí wọ́n bá ya àwòrán àyà wọn nítorí nǹkan mìíràn ni dókítà á tó rí ìlà funfun tí kò retí.

Fún àwọn díẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn dókítà ní Yale, ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 56 kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ń jẹ́ New England Journal of Medicine. Àyà ti ń dun ọkùnrin náà fún ọjọ́ 2, kò sì lè mí dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì sí eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí nǹkan kan nínú ọkàn rẹ̀. Wọ́n la àyà rẹ̀. Ẹ̀rún sìmẹ́ńtì tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ti gún ara ọkàn rẹ̀ lu, ó sì ti gún ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n yọ ọ́ jáde, wọ́n sì tún ọkàn náà ṣe. Lẹ́yìn oṣù kan, ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yá tán.

Irú èyí ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba ọkùnrin náà là hàn gbangba: ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì tí àyà ń dùn ún, wọ́n sì mọ̀ níbẹ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì sí i lẹ́yìn ni.

Àmì tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú

Àmì lè yọ nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́. Ó lè yọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú pé ó yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀. Àwọn àmì náà nìyí:

– èémí tó ń há lójijì, tàbí tí ènìyàn ń mí hẹlẹhẹlẹ láìṣe iṣẹ́ kankan;
– àyà dídùn, pàápàá bí ènìyàn bá fa èémí sínú;
– ọkàn tó ń lù kìkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ;
– ikọ́ tuntun, tàbí ikọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀;
– òòyì, ìlàágùn tútù, tàbí kí ènìyàn dákú.

Ẹni tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì sí lẹ́yìn, tí ó sì rí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí, kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀la. Kì í ṣe àkókò àgbo ikọ́, kì í sì í ṣe àkókò oògùn ibà tí a rà lẹ́bàá ọ̀nà. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ àwòrán ni kí wọ́n gbé e lọ. Ẹni tí ó bá wà ní ilẹ̀ Faransé lè pe nọ́ńbà 15, ti SAMU, láìsan owó.

Ohun tí dókítà lè ṣe

Sìmẹ́ńtì tó ti dì kì í yọ́. Kò sí oògùn tí ó lè sọ ọ́ di omi padà. Nítorí náà, ìtọ́jú dá lórí bí ẹ̀rún náà ṣe tóbi tó, ibi tí ó há sí, àti bí aláìsàn ṣe ń ṣe.

Bí ó bá kéré, tí ó wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀dọ̀fóóró, tí aláìsàn kò sì mọ nǹkan kan lára, àwọn dókítà sábà máa ń fi í sílẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Bí èémí bá ń há, tàbí tí ẹ̀rún náà bá dí iṣan ńlá, wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Abẹ́rẹ́ héparine ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà oògùn oníhóró fún bí oṣù 6. Oògùn náà kì í mú sìmẹ́ńtì kúrò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì lé sìmẹ́ńtì lórí kí ó sì sọ dídí kékeré di ńlá. Ẹni tí wọ́n bá fún ní irú oògùn yìí kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ lo oògùn mìíràn tàbí àgbo mọ́ ọn láìsọ fún dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára rẹ̀. Bí ẹ̀rún náà bá tóbi, tí ó wà nínú ọkàn tàbí nínú iṣan ńlá, wọ́n lè yọ ọ́ nípa iṣẹ́ abẹ.

Kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀, ìṣọ́ra ti wà lọ́wọ́ dókítà tí ń rọ sìmẹ́ńtì náà. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí sìmẹ́ńtì ki díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rọra tì í, ní ìwọ̀nba. Ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lára àwòrán. Bí ó bá rí i tí ó ń jò, kí ó dáwọ́ dúró. Bí eegun tí wọ́n ń rọ sìmẹ́ńtì sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bá ti ń pọ̀, ewu náà ń pọ̀ sí i.

Ṣé gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn dókítà. Ní ọdún 2009, ìwádìí 2 jáde ní ọjọ́ kan náà. Ènìyàn 131 ló wà nínú ọ̀kan, 78 sì wà nínú èkejì. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà 2. Àwọn kan gba sìmẹ́ńtì. Àwọn yòókù kò gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, wọ́n fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn wọn, nínú ọ̀kan nínú ìwádìí náà wọ́n tilẹ̀ ṣí ìgò omi sìmẹ́ńtì kí òórùn rẹ̀ lè kún yàrá. Lẹ́yìn oṣù kan, ìrora dínkù lára apá méjèèjì, kò sì sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín wọn.

Àwọn dókítà mìíràn kò gbà pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ní ọdún 2016, ìwádìí kan ní Ọsirélíà lórí ènìyàn 120 fi hàn pé sìmẹ́ńtì ran àwọn tí eegun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ lọ́wọ́, ìyẹn àwọn tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 6, tí ìrora wọn sì le gan-an. Ohun tí a lè fà yọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun tí a ń sáré sí. Ọ̀pọ̀ eegun ẹ̀yìn tó fọ́ nítorí ostéoporose ló ń jinná fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 2 sí 3, pẹ̀lú oògùn ìrora, ìsinmi díẹ̀ àti ìrìn díẹ̀díẹ̀.

Abèèrè kì í ṣìnà. Kí aláìsàn tó gbà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé: Kí ló fọ́ eegun mi? Ṣé kò sí kòkòrò àrùn níbẹ̀? Ṣé ìrora yìí kò lè lọ láìsí sìmẹ́ńtì? Eegun mélòó ni ẹ fẹ́ rọ ọ́ sí? Ṣé ẹ ó ya àwòrán àyà mi lẹ́yìn iṣẹ́ náà? Dókítà rere kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 4 tó yẹ kí ojú mọ̀

Ìwé ìlera kì í sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò lè kà á. Ẹni tí ó ti kọ́ ìwé kíkà lè ran gbogbo ilé lọ́wọ́ níbí. Kí ó mú ìwé tí ilé ìwòsàn fún àgbàlagbà ilé rẹ̀, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ 4 wọ̀nyí nínú rẹ̀:

– vertébroplastie: wọ́n ti rọ sìmẹ́ńtì sínú eegun ẹ̀yìn;
– cyphoplastie: wọ́n ti fi àpò róbà ṣí àyè nínú eegun ẹ̀yìn, wọ́n sì ti rọ sìmẹ́ńtì sí i;
– ciment: sìmẹ́ńtì;
– embolie: ohun kan ti dí iṣan ẹ̀jẹ̀.

Bí ó bá rí ọ̀kan nínú wọn, kí ó kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, orúkọ ilé ìwòsàn àti iye eegun tí wọ́n rọ sìmẹ́ńtì sí, sórí ìwé kan. Kí ó fi ìwé náà sínú ìwé ìlera àgbàlagbà náà, pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n yà. Kí gbogbo ará ilé mọ ibi tí ó wà.

Ọ̀rọ̀ tí a ó sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kò gùn: «Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì sí eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ báyìí ni wọ́n ṣe é. Èémí rẹ̀ ti ń há láti ìgbà báyìí.» Ẹni tí kò gbọ́ Faransé lè sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ó sì na ìwé náà sí dókítà. Bí ó bá tilẹ̀ ti pé ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà, kí ó sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Sìmẹ́ńtì inú eegun kì í fọhùn, ojú lásán kò sì lè rí i. Ẹni tí ó wà lára rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀ tí ó lè kàwé, ni yóò bá a sọ̀rọ̀.